Lẹ́yìn Abọ́ Yẹn, Ìwọ Ló Kàn

Èmi kì í ṣe ẹni tó lè dúró. Bí mo bá dé ilé ìfowópamọ́ tí mo rí èrò lẹ́nu ọ̀nà, ńṣe ni màá yí padà sílé. Bí iṣu bá pẹ́ lórí iná, màá jẹ ẹ́ bó ṣe le tó. Ìyá mi, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn, máa ń sọ pé ìkánjú ni mo bá wáyé, pé agbẹ̀bí ò tíì wọlé tán tí mo ti jáde. Nítorí náà, ẹni tó bá mọ̀ mí, tó sì gbọ́ pé iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni kí n máa sọ ohun tó máa kọ́kọ́ lọ àti ohun tó máa dúró, á rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ á fi máa dùn ún. Ẹ jẹ́ kó máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo ti kọ́ ọ.

Kọ̀ǹpútà ni mò ń tọ́jú. Kì í ṣe èyí tí èèyàn ń gbé lé itan o, àwọn ràgàjì tí ilé iṣẹ́ ń kó àwòrán àti ìwé wọn pamọ́ sí ni. Ọ́fíìsì wa wà ní Ìkátẹ̀ Ẹlẹ́gùṣì, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó pọ̀ jù nínú ọ̀sẹ̀, ilé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Thomas Estate, níbi tí èmi àti bàbá mi jọ ń gbé láti ìgbà tí ìgbàgbé ti wọlé tọ̀ wọ́n. Ìgbàgbé náà kò fi ariwo wọlé. Ó kọ́kọ́ mú orúkọ àwọn ará àdúgbò lọ, ó mú ọ̀nà ilé ìwẹ̀ lọ, nígbà tó yá ó kan èmi náà. Ọjọ́ mìíràn wọ́n á fi orúkọ ìyá mi pè mí, ọjọ́ mìíràn wọ́n á kí mi bí ẹni kí àlejò.

Ẹ̀rọ ìlọta ni bàbá mi fi tọ́ wa. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà nínú àdúgbò kan lẹ́yìn ọjà Ajah. Àwọn tó rí já jẹ nínú iṣẹ́ náà a máa ní ẹ̀rọ méjì, ọ̀kan fún ata, ọ̀kan fún ògì. Ọ̀kan ṣoṣo ni ti bàbá mi. Ẹni tó bá mọ ohun tí ata lè fojú ọmọ ọwọ́ tó ń mu ògì rí, á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Kí wọ́n tó lọ ògì lẹ́yìn ata, wọ́n gbọ́dọ̀ pa ẹ̀rọ, kí wọ́n tú ẹnu rẹ̀, kí wọ́n da omi sí i, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, kí wọ́n tó tún un dè. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n máa tẹ̀ lé bí oníbàárà ṣe ń dé, ata kan, ògì kan, ata kan, ògì kan, fífọ̀ ni wọn ì bá máa fọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, àwọn èèyàn á sì gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Nítorí náà, wọ́n máa ń kó ata pọ̀ mọ́ ata, wọ́n á lọ wọ́n léra wọn.

Ṣùgbọ́n ata kì í tán l'Ajah. Bí wọ́n ṣe ń lọ èyí ni òmíràn ń dé. Bí wọ́n bá ní ó di ìgbà tí ata bá tán, ẹni tó gbé ògì wá á sùn síbẹ̀. Ohun tí bàbá mi máa ń ṣe nìyí: bí ológì bá ti yọjú, wọ́n á wo àwọn abọ́ ata tó wà nílẹ̀, wọ́n á nawọ́ sí èyí tó kẹ́yìn, wọ́n á ní, "Lẹ́yìn abọ́ yẹn, ìwọ ló kàn." Ó parí nìyẹn. Ata tó bá dé lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, ì báà jẹ́ ata olorì, á dúró. Bí wọ́n bá sì ti fọ ẹ̀rọ, gbogbo ògì tó bá wà nílẹ̀ ni wọ́n máa lọ pa pọ̀, kí omi má bàa ṣòfò.

Mo rántí ọjọ́ tí ìyá mi fúnra wọn gbé ata wá, tí wọ́n ní epo ti ń gbóná sílé. Bàbá mi nawọ́ sí obìnrin kan tó gbé ògì ọmọ rẹ̀ wá, wọ́n ní kí ìyá mi dúró. "Mo ti ṣèlérí fún ìyá ọmọ yìí." Ìyá mi wo bàbá mi, wọ́n wo ìyá ọmọ náà, wọ́n gbé abọ́ wọn, wọ́n lọ sílé. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, ọbẹ̀ tí kò ní ẹyọ ata kan ni wọ́n gbé síwájú ọkọ wọn. Bàbá mi jẹ ẹ́ tán, wọ́n lá ọwọ́, wọ́n sì ní kí Ọlọ́run pèsè òmíràn.

Èmi tí mò ń bínú nígbà náà pé bàbá mi le jù, mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ abọ́ yẹn ló máa sọ mí di èèyàn.

Ìdí tí ẹ̀rọ kámẹ́rà ẹ́sítéètì wa fi dọ́wọ́ mi ni pé mi ò lè pa ẹnu mi mọ́ ní ìpàdé. Wọ́n jí síléńdà gáàsì arábìnrin kan. Àwọn mẹ́gàádì tan àwòrán àná àti ìjẹta láti fi wá olè náà, wọ́n sì jókòó tì í láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ọ̀sán yẹn náà ni wọ́n jí síléńdà ẹlòmíràn. Nígbà tí a fẹ́ wo ẹni tó jí ìkejì, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò gba àwòrán sílẹ̀ torí pé ó ń bá wọn wá ohun tó ti kọjá. Mo bú sẹ́rìn-ín nínú ìpàdé, mo ní ẹni tó to ẹ̀rọ yẹn, ata nìkan ló ń lọ. Kò yé wọn. Wọ́n ní tí mo bá mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀, kí n bọ́ síwájú.

Dísìkì ló wà nínú ẹ̀rọ náà. Àwo kan ń yí nínú rẹ̀, apá kan sì ń lọ tó ń bọ̀ lórí àwo náà, yálà kó máa kọ àwòrán síbẹ̀ tàbí kó máa kà á jáde. Ibì kan ṣoṣo ni apá náà lè wà lẹ́ẹ̀kan, lílọ bíbọ̀ rẹ̀ ló sì ń jẹ àsìkò, gẹ́gẹ́ bíi fífọ ẹ̀rọ láàárín ata àti ògì. Ẹni tó tò ó tẹ́lẹ̀ ní kó máa ṣe iṣẹ́ tó bá sún mọ́ ọn jù, kó lè ṣe púpọ̀. Bí èèyàn bá ń wo àwòrán àtijọ́, tó wà níbì kan gbọọrọ, apá náà á jókòó síbẹ̀. Àwòrán tuntun tí àwọn kámẹ́rà ń gbé bọ̀ á máa dúró nínú agbọ̀n kékeré kan títí agbọ̀n á fi kún, èyí tí kò bá sì ráyè wọlé mọ́, dídànù ló ń dà nù.

Mo tún un tò. Mo fún àwòrán kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ní gbèdéke. Kí gbèdéke tó pé, kí apá náà máa ka àwòrán àtijọ́ lọ geere bó bá ṣe wù ú. Bó bá kù díẹ̀ kí agbọ̀n kámẹ́rà kan kún, kó fi ohun yòówù tó bá ń ṣe sílẹ̀, kó lọ kọ gbogbo àwòrán tuntun tó wà nílẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó tó padà sẹ́nu èyí tó ń kà. Iṣẹ́ ò dúró, ìlérí ò yẹ̀. Mo dán an wò títí, ó ṣiṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, nítorí ẹ̀rọ tí kò bá bàjẹ́, ta ló ń rí i?

Àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ọjọ́ ìsìn àárín ọ̀sẹ̀ ni. Aláṣọ funfun ni bàbá mi, àgbà ìjọ ni wọ́n, ṣọ́ọ̀ṣì wọn kò sì jìnnà sí ẹ́sítéètì wa. Mo ti ń mú wọn lọ fúnra mi láti ìgbà tí wọ́n ti dúró sáàárín ọ̀nà márosẹ̀ lọ́jọ́ kan, tí wọ́n ń nawọ́ sí ọkọ̀ pé kó rọra. Àárọ̀ yẹn, wọ́n ní ara ń ro àwọn. Mo fi wọ́n sílẹ̀ lórí àga nínú pálọ̀, wọ́n ń tòògbé, mo wọ yàrá lọ ṣe ìpàdé lórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo jáde, àga ṣófo. Sùtánà wọn kò sí lórí ìṣó. Ilẹ̀kùn ìta ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ọkàn mi já. Mo sáré dé géètì láìwọ bàtà, èmi tí mi ò sí nínú ìjọ aláṣọ funfun.

Mo bi mẹ́gàádì bóyá ó rí bàbá mi. Ó ní, "Àǹtí, àwọn bàbá aláṣọ funfun pọ̀ tó jáde this morning o. Today na service now." Géètì méjì la ní, ńlá àti kékeré, kò sì lè sọ èyí tí bàbá mi gbà. Mo pe ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní àwọn ò rí wọn. Ohun tó wà lójú mi kò ju ọ̀nà márosẹ̀ lọ, àti àwọn tírélà tó ń gba ibẹ̀, àti bàbá kan tó ń nawọ́ sí wọn pé kí wọ́n rọra.

Ariwo mi pe alága ẹgbẹ́ àwọn olùgbé jáde. Kò jù mí lọ púpọ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, àfi pé ó fẹ́ràn àṣẹ pípa. Gbogbo wa rọ́ wọ yàrá kámẹ́rà. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo ní kí ó gbé àwòrán àárọ̀ yẹn wá láti ojú kámẹ́rà gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, ti àwọn òpópónà àti ti géètì méjèèjì.

Alága na ọwọ́ sórí èjìká mi. "Engineer, ẹ jọ̀ọ́, ẹ off recording yẹn first. Kí gbogbo agbára ẹ̀ lọ sídìí searching yìí."

"Rárá."

"Bàbá yín là ń wá o!"

"Ṣé mo ní bàbá tiyín là ń wá ni?"

Mo jágbe mọ́ ọn, àmọ́ òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọwọ́ mi ti wà lórí bọ́tìnì náà kó tó sọ̀rọ̀. Kí ni mo fẹ́ fi àwòrán géètì ṣe, nígbà tí bàbá mi wà lójú títì? Bí mo bá pa á, àwòrán àárọ̀ á máa sáré ju bó ṣe ń sáré lọ, èmi sì ni mí, mi ò lè dúró. Ohun tó dá ọwọ́ mi dúró kò ju síléńdà kejì yẹn lọ. Mo ní, "Alága, tí bàbá mi bá gba iwájú géètì kọjá báyìí, ta ló máa rí wọn?"

"Mẹ́gàádì wà níbẹ̀ now," ló wí.

A padà sídìí wíwá. Ẹ wá wo aṣọ funfun! Ọkùnrin, obìnrin, ẹsẹ̀ lásán ni gbogbo wọn, wọ́n ń jáde lọ sí ìsìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ní méjì méjì. Òkè ni kámẹ́rà ti ń wo èèyàn, nítorí náà fìlà funfun àti èjìká funfun ni mò ń rí. Mo wá bàbá mi títí, mi ò dá wọn mọ̀ nínú èrò. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ìgbà náà ni ọ̀kan yọ lẹ́nu géètì kékeré, ó gbé garawa lọ́wọ́. Mẹ́gàádì bá a gba garawa, ó ṣí géètì, ó tẹrí ba, ó dá garawa padà fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ha!" Ohùn mẹ́gàádì kan jáde lẹ́yìn mi. "Èmi nìyẹn o! Mo rò pé wọ́n fẹ́ lọ gbàdúrà sómi ni."

Mi ò lè bá a wí. Aláṣọ funfun tó gbé omi tàbí ohun ìpọnmi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń béèrè ìdí rẹ̀, èmi náà ì bá ṣí géètì. Ṣùgbọ́n mo mọ garawa náà. Àwọ̀ ewé ni, ọwọ́ rẹ̀ ti ṣẹ́, mo fi àjákù aṣọ so ó. Garawa ilé ìwẹ̀ mi ni. Nínú àwòrán, bàbá mi yà sí apá tí kì í ṣe ti Ajah, wọ́n sì kọjá ibi tí ojú kámẹ́rà mọ.

Alága ní kí mẹ́gàádì méjì wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, kí wọ́n tẹ̀ lé ọ̀nà náà. Mo fẹ́ bá wọn lọ. Ó ní kí n jókòó, pé ta ló tún mọ ẹ̀rọ yìí lò? Ó tọ̀nà, inú sì bí mi pé ó tọ̀nà. Mo jókòó bí ẹni tó jókòó lórí ìjàlọ. Mi ò pa àwòrán àárọ̀ tó ń lọ, mo ní kó ṣì máa wá bóyá bàbá mi ti padà wọlé láti géètì mìíràn. Torí pé ara ò gbà mí, mo tún ṣí àwòrán tí kámẹ́rà géètì ńlá ti kọ sílẹ̀ látìgbà tí a ti wọ yàrá náà, kí n ṣáà lè rí nǹkan wò.

Bàbá mi ló wà níbẹ̀.

Ìta géètì ni wọ́n wà, wọ́n ń bọ̀ láti apá tí wọ́n bá lọ, wọ́n sì dojú kọ apá Ajah. Wọ́n dúró lójú géètì wa, wọ́n wò ó bí èèyàn ṣe ń wo ilé onílé, wọ́n gbé garawa bọ́ sí ọwọ́ kejì, wọ́n sì kọjá. Àwòrán náà mọ́ kedere, kò fò, kò já, pẹ̀lú gbogbo ohun tí mò ń fà jáde nínú dísìkì náà lọ́wọ́. Àga mẹ́gàádì hàn nínú rẹ̀. Kò sẹ́nì kankan lórí rẹ̀.

Mo yíjú padà. Gbogbo mẹ́gàádì tó kù ló dúró lẹ́yìn mi, wọ́n lanu, wọ́n ń bá mi wo àwòrán.

"Ta ló wà ní géètì?" ni mo bi wọ́n. Alága wo ilẹ̀.

Mi ò ráyè bínú. Mo ti mọ ibi tí bàbá mi ń lọ. Garawa ni, Ajah sì ni, kí ló tún kù? Nígbà tí mo rí i pé wọ́n yà sí apá kejì ni mo ti gbé ọkàn kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, àṣé wọ́n kàn ṣìnà ni, wọ́n sì ti tún ọ̀nà náà rí. Mo fo wọ inú kẹ̀kẹ́ tó kọ́kọ́ dé, mò ń sọ fún oníkẹ̀kẹ́ kó sáré, bó bá sì sáré mo tún ń sọ fún un kó rọra, nítorí mò ń yẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà wò ní gbogbo ibi tí ohun funfun bá wà.

Ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ti di ibi tí wọ́n ti ń ta ìbòrí fóònù. Bẹ́ńṣì wà níta. Bàbá mi jókòó lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ wọn kún fún eruku, garawa wà láàárín ẹsẹ̀ wọn, omi inú ọ̀rá wà lọ́wọ́ wọn. Wọn ò ní egbò kankan.

Ara mi tù. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó ti di mí láyà láti àárọ̀ já bọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rín ń bọ̀, ẹkún ń bọ̀, mi ò mọ èyí tó máa kọ́kọ́ jáde. Ọmọbìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù jáde wá. Ó kúnlẹ̀ kí mi. "Àǹtí, ṣé ẹ̀yin lẹ ni bàbá wòlíì? Wọ́n ní àwọn fẹ́ fọ ẹ̀rọ. Mo ní ẹ̀rọ wo, wọ́n ní kí n má kánjú. Mo wá fún wọn ní pure water. Wọ́n sì gbàdúrà fún mi."

Mo pe alága pé a ti rí wọn. Mo gbọ́ ariwo ayọ̀ nínú fóònù náà, ti gbogbo mẹ́gàádì, mo sì mọ̀ pé kò tíì sẹ́ni tó padà sí géètì. Láti ọjọ́ yẹn, alága ti sọ fún gbogbo ẹ́sítéètì pé òun ló ní kí n má pa kámẹ́rà. Ẹ jẹ́ kó máa sọ ọ́. Inú mi dùn débi pé mo lè fi ògo náà fún un.

Mo lọ dúró níwájú bàbá mi. "Bàbá, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ já mi láyà."

Wọ́n gbójú sókè. Wọn ò mọ̀ mí. Wọ́n wò mí bí wọ́n ṣe máa ń wo oníbàárà, wọ́n wo ọwọ́ mi.

"Kí lo gbé wá?"

"Mi ò gbé nǹkan kan wá, Bàbá. Ẹ̀yin ni mo wá mú lọ sílé."

Wọ́n ronú sí i. Wọ́n wo ẹ̀gbẹ́ wọn lórí bẹ́ńṣì, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni, wọ́n sì tún wò mí. "Kò burú. Ìyá ọmọ yìí ti gbé ògì wá láti àárọ̀, mo sì ti ṣèlérí fún un. Jẹ́ kí n ṣe tirẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ìwọ ló kàn."

Lọ́jọ́ mìíràn, ǹ bá ti fà wọ́n lọ́wọ́ dìde. Oníkẹ̀kẹ́ ti ń fọn fèrè. Mo fọwọ́ sọ fún un pé kó dúró, mo sì jókòó sí ìkángun bẹ́ńṣì náà, mo fi àyè sílẹ̀ láàárín wa fún ìyá ọmọ. Bàbá mi da omi ọ̀rá náà sínú garawa. Wọ́n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n fọ etí rẹ̀ yíká, wọ́n fọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n gbóòórùn rẹ̀ wò bóyá ata ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n tún un fọ̀. Wọn ò kánjú, èmi náà ò kánjú. Nígbà tó tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n da omi náà sí gọ́tà, wọ́n mi orí sí ẹni tí mi ò rí, wọ́n ní kó kí ọmọ.

Wọ́n nu ọwọ́ mọ́ sùtánà wọn, wọ́n dìde, wọ́n wá dì mí lọ́wọ́ mú.

"Ó yá," ni wọ́n wí. "Kí lò ń sunkún sí? Ṣebí mo ti sọ fún ẹ pé ìwọ ló kàn."